Tíì Aláwọ̀ Ewé, Oògùn Màmá, àti Àgádágodo Ara Sẹ́ẹ̀lì

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ ní Kalpohin, ní ìlú Tamale ní àríwá Ghana, èéfín èédú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú ilé. Kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n ń sè. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló gbé kẹ́tùrù kékeré kan sórí àdògán, wọ́n da ewé tíì tó ká kórókóró bí ẹ̀tù ìbọn sínú rẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ataya ni orúkọ rẹ̀. Wọn á sè é títí á fi dúdú, wọn á da ṣúgà sí i, wọn á gbé kẹ́tùrù sókè réré, wọn á sì máa da tíì náà láti òkè sínú gíláàsì kékeré títí á fi yọ ìfóòfó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń se ewé kan náà. Ti àkọ́kọ́ korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì rọ̀ díẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi ṣúgà. "Base" ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń jókòó sí yìí ní Tamale, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ta ló ń fẹ́ ta ti ń di mímọ̀.

Tamale kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń ná ọjà níbẹ̀ láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù November 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn ló di ẹrù tí wọ́n sì wọkọ̀ lọ sílé. Àwọn kan padà lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Inú ìdílé irú àwọn tó padà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí ti jáde. Obìnrin kan tó máa ń kà wá láti Kalpohin ló kọ̀wé sí wa nípa ìyá rẹ̀.

Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ ti pẹ́ tí dókítà ti ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró kan láràárọ̀, ó sì ń lò ó. Àfi ìgbà tí ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé èròjà kan wà nínú tíì aláwọ̀ ewé tó ń bá sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ ní tààrà, pé àwọn onímọ̀ ti rí ibi tó ń wọlé sí lára sẹ́ẹ̀lì, àti pé ẹni tó bá ń mu ún kò tún ní í fi oògùn òyìnbó ba kíndìnrín ara rẹ̀ jẹ́ mọ́. Ẹni náà ń ta èròjà ọ̀hún ní kápúsù. Màmá rà á. Ó tún ń rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ bu ataya wá ní base lálaalẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò mọ̀, àfi ọjọ́ tó rí i pé káàdì oògùn kò dín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí oògùn yín ṣì pé báyìí?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni? Inú sẹ́ẹ̀lì ni tíì yìí ń wọ̀ lọ tààrà. Ti dókítà yẹn, inú ikùn ló ń dúró sí."

Ọmọ náà kò mọ èsì tó máa fọ̀. Ohun tó bi wá ni pé: ṣé òótọ́ ni pé tíì ń wọ ara sẹ́ẹ̀lì, àbí irọ́ ni? Bí irọ́ ni, òun á lè sọ fún Màmá. Bí òótọ́ ni, kí ni kí òun sọ?

Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó le. Irọ́ pátápátá rọrùn láti kọ̀. Òótọ́ tí wọ́n gé sí méjì, tí wọ́n wá gbé ìdajì kan fún àgbàlagbà, òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí tíì yìí ń ṣe lára wa.

Ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí tíì tí à ń sọ, nítorí nílé Yorùbá, Milo pàápàá, tíì ni. Ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀pù, tíì ni. Èyí tí à ń sọ níbí ni ewé igi tíì fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi ooru pa lójú kí ó má baà dúdú, tí wọ́n sì wá sá gbẹ. Igi kan náà ni wọ́n ń ká Lipton lára rẹ̀. Ti Lipton ni wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sọ di pupa. Èyí tó ká bí ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n fi ń se ataya, ilẹ̀ China ló ti ń wá. Ọ̀nà Morocco àti aṣálẹ̀ Sahara ni àṣà sísè é gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Mali, Senegal àti Niger, kó tó di ohun tí wọ́n ń mu ní zongo káàkiri Ghana.

Ó yá, sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ara wa, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ilé tó ní ògiri. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń kọjá nínú ẹ̀jẹ̀ ló lè wọlé tàbí kó pàṣẹ nínú ilé náà. Àwọn àgádágodo wà lára ògiri yẹn, irú kan fún irú kọ́kọ́rọ́ kan. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní risẹ́pítọ̀. Àwa á pè wọ́n ní olùgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, wọ́n ń gba iṣẹ́ tí a rán sí sẹ́ẹ̀lì. Bí kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu bá wọ ihò tó sì yí, ohun kan á ṣẹlẹ̀ nínú ilé: ọkàn á sáré, tàbí ẹ̀jẹ̀ á rọra ṣàn, tàbí oorun á kun ojú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti gbé ilé tí kọ́kọ́rọ́ ti kán sínú àgádágodo rí mọ̀ pé ohun mìíràn tún lè ṣẹlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ lè wọ ihò láìyí. Kò ṣí ilẹ̀kùn, kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ ráyè wọlé.

Irú èyí gan-an ni kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ nínú tíì. Bí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, ohun kan tó ń jẹ́ adẹnósìnì máa ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn olùgbà tirẹ̀. Bó bá ti ń wọ̀ wọ́n, tó sì ń yí, àárẹ̀ á mú wa, ẹnu á máa yán. Kaféènì jọ adẹnósìnì ní ìrísí débi pé ó lè jókòó sórí àga rẹ̀. Ó wọ ihò, kò yí. Adẹnósìnì á wá dúró síta bí àlejò tó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìdí nìyí tí ojú àwọn ọmọ base fi ń là kedere ní aago mẹ́wàá alẹ́. Tíì kò fún wọn lágbára kankan. Ó kàn dí ibi tí ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ń gbà wọlé ni, àárẹ̀ náà sì ń bẹ níta tó ń pọ̀ sí i.

Nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ó ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì kaféènì tó mu tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá mu ataya ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní aago méjì òru. Ti aláboyún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, pàápàá bí oyún bá ti ń sún mọ́ ìbí. Ẹ rántí èyí bí Màmá àgbà kan bá ń sọ pé òun kò rí oorun sùn, tí gbogbo ilé wá ń ronú àwọn ayé.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dà bí ohun àjèjì létí ẹnikẹ́ni, kó bi obì léèrè. Kaféènì wà nínú obì. Ihò kan náà ló ń dí nígbà tí bàbá onímọ́tò bá ju obì sẹ́nu kó má baà sùn lójú ọ̀nà. Ó tún dùn mọ́ wa pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ àgbègbè tí a wà yìí gan-an. Gbànja, obì aláwẹ́ méjì tí Yorùbá ń jẹ, ọ̀pọ̀ ló gbà pé láti ara orúkọ Gonja ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀ jáde, ilẹ̀ Gonja sì kò jìnnà sí Tamale rárá. Ìlú Salaga, tó wà ní ilẹ̀ Gonja, ni ọjà tí àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Haúsá ti máa ń ra obì tó ń wá láti igbó Ashanti láyé àtijọ́. Àwọn tó wá ra obì nígbà yẹn àti àwọn tó ń se ataya lónìí, ohun kan náà ni wọ́n ń wá lẹ́nu ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ.

Ara náà kò gọ̀. Bó bá rí i pé wọ́n ń dí ihò lójoojúmọ́, ó lè fi olùgbà mìíràn kún tàtẹ̀yìnwá. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. A máa ń di ẹ̀bi ru ebi àti òùngbẹ, wọ́n sì jẹ̀bi díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu tíì tàbí kọfí lójoojúmọ́, tó wá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, adẹnósìnì á ya wọlé láti gbogbo ẹnu ọ̀nà, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí á fẹ̀, orí á sì fọ́. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó tán. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń mu púpọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù láti inú oṣù Ṣáábánì. Ìyẹn á ràn án lọ́wọ́ ju kó máa wá Panadol lẹ́yìn ìṣínu lọ.

Bí a bá wo kaféènì nìkan, nǹkan tí kápúsù Màmá ń ṣèlérí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú, nítorí kaféènì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè fún wákàtí mélòó kan, pàápàá lára ẹni tí kò mọ́ lára. Ṣùgbọ́n olóhùn WhatsApp yẹn kò sọ̀rọ̀ kaféènì. Èròjà mìíràn ló ń sọ, òun sì ni ìdajì tó jẹ́ òótọ́.

Kíkorò tíì aláwọ̀ ewé, àti bó ṣe ń mú ẹnu fun pọ̀, ọ̀wọ́ àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kátẹ́kìnì ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Obìnrin ará Japan kan, Michiyo Tsujimura, ló yọ kátẹ́kìnì jáde láti inú tíì aláwọ̀ ewé ní 1929; ní 1932 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Japan. (Bí ọmọ yín obìnrin bá ń sọ pé kẹ́mísírì ti le jù, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.) Ahọ́n wa pàápàá ní olùgbà fún kíkorò, oríṣi bíi 25, kátẹ́kìnì sì ń yí àwọn kan lára wọn. Nítorí náà, gíláàsì àkọ́kọ́ ataya ti bá olùgbà pàdé kó tó kọjá ọ̀fun. Ti ẹnu tó ń fun pọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn: itọ́ ni kátẹ́kìnì dì mọ́, tí ẹnu wá gbẹ.

Olórí nínú àwọn kátẹ́kìnì yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní EGCG. Ní 2004, Hirofumi Tachibana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kyushu ní Japan ròyìn pé àwọn rí olùgbà kan lára sẹ́ẹ̀lì tí EGCG ń dì mọ́. Wọ́n fi í sára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo yàrá ìwádìí. Sẹ́ẹ̀lì tó ní olùgbà yìí púpọ̀, EGCG mú kó rọra pọ̀. Èyí tí kò ní in, EGCG kò fi bẹ́ẹ̀ rí i mú. Iṣẹ́ tó dára ni, gbogbo ayé ló sì gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí Màmá sọ pé àwọn onímọ̀ ti rí ibi tí tíì ń wọlé sí lára sẹ́ẹ̀lì, Màmá kò purọ́.

Ohun tí olóhùn náà kò sọ fún Màmá ni ọ̀nà tó wà láàárín àwo yàrá ìwádìí àti ikùn ènìyàn. Nínú àwo, olùwádìí ń da EGCG lé sẹ́ẹ̀lì lórí ni. Nínú ara, ẹnu la ń gbà mu ún, ìfun kì í jẹ́ kí púpọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á tún pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nínú èyí tó bá ráyè kọjá. Ohun tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an sí ohun tó wà nínú kọ́ọ̀pù. Bí ẹni pé a fi garawa pọn omi láti odò, tí garawa náà jò, tó wá ku ìmumi kan ká tó délé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó jẹ́ pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló ń kìlọ̀ rẹ̀ fún ara wọn. EGCG kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tó mọ ilé rẹ̀. Bí àtè ni. Àtè tí a fi sórí ẹ̀ka kì í yan ẹyẹ, ohun tó bá ti bà lé e ni ó ń mú: ẹyẹ, kòkòrò, ewé gbígbẹ. EGCG náà ń dì mọ́ oríṣiríṣi pùrótíìnì, ó tiẹ̀ ń da ògiri sẹ́ẹ̀lì rú, nítorí náà nínú yàrá ìwádìí, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun gbogbo. Ẹni tó bá rí àtè lára ẹyẹ kan kò tíì lè sọ pé torí ẹyẹ yẹn ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ibì kan wà tí kátẹ́kìnì ti di oògùn gidi. Ní 2006, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òróró ìpara kan tí wọ́n fi kátẹ́kìnì tíì aláwọ̀ ewé ṣe, fún ẹran kéékèèké tí kòkòrò àìfojúrí kan ń mú hù ní ojú ara. Ẹ kíyè sí i pé pípa ni, kì í ṣe mímu. Ibi tí àìsàn wà gan-an ni wọ́n fi oògùn sí, kò sí ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ láàárín.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ṣebí òun ni Màmá ní? Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára ènìyàn lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jọ ní 2014, tíì aláwọ̀ ewé dín nọ́ńbà òkè kù lóòótọ́. Nǹkan bíi 2 ló fi dín in. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 170 á wá di 168. A kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun mímu tí kò ní ṣúgà tó tún dín 2 kù kò burú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè rọ́pò hóró oògùn kan, ataya Kalpohin sì ní ṣúgà tó pọ̀ tó láti mú kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà sá fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ewu nìyí. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan fúnra wọn, olùgbà ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣe bíi kaféènì: wọ́n ń wọ ihò tí èròjà ìpayà ara ń lò láti mú ọkàn sáré, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọn kò ní í yí, ọkàn á sì rọra máa lù. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ nadolol. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Japan fún ènìyàn mẹ́wàá tí ara wọn le ní tíì aláwọ̀ ewé mu fún ọjọ́ 14, mílílítà 700 lóòjọ́, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní nadolol. Wọ́n fi wé ìgbà tí wọ́n fi omi lásán lò ó. Oògùn tó dé inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò sì lọ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Lára ògiri ìfun, ilẹ̀kùn kan wà tó ń gbé oògùn yẹn wọlé. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn yẹn ni tíì dí. Oògùn náà kò tiẹ̀ ráyè dé ibi tí olùgbà wà.

Ẹ wá wo ohun tí Màmá sọ lẹ́ẹ̀kan sí i: tíì ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, oògùn dókítà ń dúró sínú ikùn. Bí ẹnì kan bá ń fi tíì aláwọ̀ ewé gbé nadolol mì, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n tíì ló dá oògùn dúró níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tíì ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa tún di WhatsApp mìíràn. Ẹ mú orúkọ oògùn yín lọ bá olóògùn tàbí dókítà, kí ẹ bi í ní pàtó. Omi lásán ni ká fi máa lo oògùn, ẹni tí dókítà bá ń tọ́jú fún jẹjẹrẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún un bó bá ń lo tíì aláwọ̀ ewé tàbí kápúsù rẹ̀, nítorí EGCG ti dì mọ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn jẹjẹrẹ, bortezomib, nínú yàrá ìwádìí àti lára eku, tí oògùn náà kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ti kápúsù tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti kọ́ọ̀pù. Àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2018. Wọ́n ní àwọn tó ń mu tíì aláwọ̀ ewé nílẹ̀ wọn sábà ń rí EGCG bíi mílígíráàmù 90 sí 300 lóòjọ́, kò sì sí ewu nínú ìyẹn ní gbogbogbòò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kápúsù gbé e dé 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, àmì pé ẹ̀dọ̀ ń fara gbọgbẹ́ máa ń yọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Ẹni tó ń mu tíì, ikùn rẹ̀ á kún, kíkorò rẹ̀ á sú u, á dákẹ́. Kápúsù kò ní ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà lè wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sì sí ohun tí a kọ sára páálí rẹ̀ nípa iye tó wà nínú rẹ̀, bíi ti èyí tí Màmá rà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń gbé mì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwọn ọmọ àti ìyá ọmọ ju Màmá lọ. Oúnjẹ àwọn ará Tamale ni tuo zaafi, ọkà tí wọ́n ń fi àgbàdo tàbí jéró rò, tí wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ ayoyo jẹ. Ayoyo kì í ṣe ohun mìíràn, ewédú wa ni, dawadawa tó ń ta sánsán nínú rẹ̀ sì ni irú. Èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú ewé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irú irin tó wà nínú ewé kì í rọrùn fún ìfun láti gbà. Bí ataya bá tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, àtè tí a sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á dì mọ́ irin yẹn, á sì bá ìgbẹ́ lọ. Fún aláboyún, fún ọmọdébìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù, fún ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kò sọ pé kí wọ́n pa base tì. Kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kí tíì tó dé, ó ti dín ìpalára náà kù. Ọmọdé kò sì ní ohun tó ń wá nídìí ataya rárá, bó ti wù kí ti ẹ̀ẹ̀kẹta dùn tó.

A kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà, a sì ní kó má ṣe sọ fún Màmá pé irọ́ ni. Kó sọ pé òótọ́ ni, tíì ń kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì, kó wá sọ ìyókù. Ó ní òun lo àgádágodo gan-an, èyí tó wà lẹ́nu géètì wọn, òun ki kọ́kọ́rọ́ àpótí bọ̀ ọ́, ó wọlé, kò yí. Màmá wò ó títí.

"Ṣé bí ti kápúsù yìí ṣe rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó kan ilẹ̀kùn, kò ṣí i fún yín."

"Owó mi ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìyẹn. Wọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà òkè ti di 178. Nọ́ọ̀sì kò pariwo mọ́ ọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn padà, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún dókítà láti wò bóyá ó jẹ́ irú èyí tí tíì ń dí lọ́nà. Nínú lẹ́tà tó kẹ́yìn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó ti di 146, Màmá ń fi omi gbé oògùn rẹ̀ mì láràárọ̀, kápúsù sì ti wọ inú garawa ìdọ̀tí. Ataya ni kò gbà láti fi sílẹ̀ pátápátá. Ó ní kí ọmọ-ọmọ òun máa bu ti ẹ̀ẹ̀kẹta wá ní ìrọ̀lẹ́, ààbọ̀ gíláàsì, kí àwọn ọmọ base sì bá òun bù ú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó da ṣúgà sí i. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí ẹni tó ń mu ataya láìsí ṣúgà rí.